Nọ́ọ̀tì Tó Ń Yí Sósì

Ọ̀rọ̀ tí Othniel fẹ́ sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ó ti ń bá a jẹun, ó ti ń bá a sùn, ó sì ti ń tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún gbọọrọ. Ó jókòó sórí àga nínú pálọ̀ Ọ̀gá Abdulmumin ní Ìkirè, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó sì bẹ Humairah, ọmọbìnrin Ọ̀gá, pé kó jọ̀ọ́ kó má tíì gbé abọ́ oúnjẹ jáde, kó jókòó kó gbọ́. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ létí Ọ̀gá nìkan, òun mọ ara òun, òun lè sẹ́ ẹ tó bá dọ̀la. Ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa jáde lónìí, ì báà jẹ́ ẹkún ni òun máa fi sọ ọ́. Ẹ wo ọkùnrin tí gbogbo Àpòmù ń pè ní ọ̀gá wẹ́dà, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dọ̀bálẹ̀ kí láràárọ̀, ó jókòó bí ọmọ iṣẹ́ tó ba nǹkan jẹ́.

Ohun tó fà á ni pé ara Ọ̀gá ò le mọ́. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí ni wọn ò ti lè dìde dáadáa, ohùn wọn sì ti ń lọ sílẹ̀. Bí àwọn àgbà Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe tí àìsàn bá ti gùn wọ́n lára, wọ́n ń ránṣẹ́ pe àwọn ènìyàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, wọ́n á tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti yọ̀ǹda rẹ̀. Nígbà tó kan Othniel, Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní òun nìkan lọ́mọ iṣẹ́ tí kò ṣẹ àwọn rí. Wọ́n wá sọ fún un pé, “Ràhmọ̀t tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ ló kù. Ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ wà ní Àpòmù. Bá mi sọ fún un pé mo ti foríjì í, nítorí Ọlọ́run.” Inú Othniel dà rú pátápátá. Àgbàlagbà ń múra àtilọ, ó ń foríjì ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ó sì ń súre fún ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Bí Ọ̀gá bá lọ bẹ́ẹ̀, orúkọ Ràhmọ̀t ò ní mọ́ títí ayé. Ìgbà yẹn ló ká fìlà mọ́wọ́, tó ní kí Humairah jókòó.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn, torí ibi tó dùn gan-an ló ń pa òun. Ẹni tí kò bá mọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá láyé ọjọ́un, tó wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àtijọ́ tó lọ sí Ifẹ̀, kò mọ ìgbádùn. Wọ́n ń jó géètì níbẹ̀, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ọlọ ṣe, wọ́n sì ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe fún àwọn àgbẹ̀. Òun àti Ràhmọ̀t jọ wọṣẹ́ lọ́dún kan náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Othniel ló ń dúró ti ṣọ́ọ̀bù, lọ́jọ́ Sunday, Ràhmọ̀t ni. Ìyá Soliat ń dín dòdò lódìkejì títì, òórùn ata àti epo pupa á gba gbogbo ibẹ̀ kan tí oòrùn ò tíì ga. Dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n fi ewé dì ṣóńṣó, ẹyọ kan ni wọ́n jọ ń rà, wọ́n á sì máa jà sí ìdí rẹ̀ tí ata pọ̀ sí. Ọ̀gá á máa pariwo pé iṣẹ́ ń dúró, Ọ̀gá fúnra wọn á sì mú lára rẹ̀. Othniel ní láti ọjọ́ tí òun ti dá dúró, òun ò tíì jẹ dòdò tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọdún yẹn ni owó epo bẹ́tiróòlù fò sókè lójijì, tí inú ń bí gbogbo ìlú, tí wọ́n ń jó táyà ní títì. Àwọn àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu wá ń sọkún fún Ọ̀gá pé ọlọ́kadà ń gba owó tó ju owó èso oko lọ. Ọ̀gá bá gbé kẹ̀kẹ́ bàbá wọn sílẹ̀ láti òkè àjà. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì kékeré lára jẹnẹrétọ̀ kan tó ti kú, wọ́n so ó mọ́ férémù, wọ́n sì fa ṣéènì kan tààrà láti ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn. Yéè, ẹ̀rín pa wá o, bí Othniel ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kẹ̀kẹ́ náà á fò bí ẹyẹ, kò ṣeé dá dúró. Tó bá dé ibi tó ga díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pariwo títí, táyà ò ní yí. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu Lásán. Ọ̀gá fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Ràhmọ̀t ni kò jẹ́. Ó jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn ń fọwọ́ yí táyà, ó ń wo ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá ti pọ̀ jù fún táyà, pé kí wọ́n fi ọ̀pá kan sáàárín àwọn méjèèjì, kó máa gba eré náà lọ́wọ́ ọ̀kan, kó máa sọ ọ́ di agbára fún ìkejì. Ó fi èédú yà á sára ògiri. Irin eléyín kékeré á wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ṣéènì á fà á lọ sára irin eléyín ńlá tó wà lórí ọ̀pá àárín. Ní apá kejì ọ̀pá náà, irin eléyín kékeré mìíràn á wà, ṣéènì kejì á fà á lọ sára èyí tó tóbi níbi táyà. Ọ̀gá wo ògiri náà títí. Wọ́n ní, “Ràhmọ̀t, ta ló kọ́ ẹ?” Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, pé ẹ̀rọ ọlọ ni òun ń wò.

Iṣẹ́ yẹn, Othniel ní tí òun bá kú tí wọ́n bá bi òun ní ọjọ́ tó dùn jù láyé òun, ọjọ́ yẹn ni òun máa mẹ́nu bà. Wọ́n gé irin pẹlẹbẹ méjì, wọ́n lu ihò sí wọn, wọ́n ki bíárìn bọ̀ wọ́n kí ọ̀pá lè máa yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n jó wọn mọ́ férémù lábẹ́ ìjókòó. Ṣéènì àkọ́kọ́ ò tò, ó ń já bọ́. Ràhmọ̀t na òwú láti eyín iwájú dé eyín ẹ̀yìn, Othniel sì ń fi òòlù gbá ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi wà lójú ìlà kan. Nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì tí Ọ̀gá gùn ún gun òkè ilé ìwé, tó gun òkè náà tán láìkérora, fìlà Ọ̀gá fò dànù, wọn ò sì padà mú un. Ìyá Soliat fi síbí dòdò lu abọ́. Wọ́n jọ ń fò, wọ́n jọ ń pariwo. Ibi tí inú wọn ti ń dùn yẹn náà ni Ọ̀gá ti sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ọmọ yìí ti mọṣẹ́, pé tí Iléyá bá ti lọ, àwọn máa ṣe fíríìdọ̀mù fún Ràhmọ̀t. Wọn ò dárúkọ Othniel. Othniel ní òun pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí Ọ̀gá má ṣe jẹ́ kí òun parọ́, inú òun ti bàjẹ́ kí òun tó pàtẹ́wọ́ tán.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì. Ọ̀pá tí wọ́n lò yẹn, ara ẹ̀rọ ọlọ àtijọ́ ni Ràhmọ̀t ti gé e, orí rẹ̀ kan sì wà tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ò dà bíi ti gbogbo ayé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yí i sí kó tó fún. Tí wọ́n bá yí i sọ́tùn-ún, ó ń tú ni. Ràhmọ̀t ló mọ̀ọ́mọ̀ wá a. Ó ní ibi tí ṣéènì ti ń fa irin eléyín sẹ́yìn, nọ́ọ̀tì lásán á máa tú lọ́nà, èyí á máa fún sí i ni. Ó pe Othniel, ó fi hàn án, ó ní kó fọwọ́ yí i wò. Othniel yí i, ó gbọ́, ó sì yé e. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò yé òun o, ó yé òun. Ohun tó ń dun òun ni pé Ràhmọ̀t ló ń kọ́ òun.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀gá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ náà lọ han àwọn àgbẹ̀ ní Ararọ̀mí-Òwu, Ràhmọ̀t pẹ́ dé, Ọ̀gá sì bá a wí díẹ̀. Wọ́n ní kó lọ gé irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí Othniel fún gbogbo nọ́ọ̀tì ara kẹ̀kẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ọ̀gá kọjá lọ bọ́mi sójú. Ràhmọ̀t gbójú sókè, ó rí Othniel tó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì ọ̀pá àárín, ó rí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí, ó sì kígbe pé, “Òsì ni o! Òsì ni!” Ẹ dúró síbí yìí, torí ibí ni gbogbo ẹ̀ wà. Ràhmọ̀t, ilé ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ. Iṣu, isu ni lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ, asọ ni. Tó bá fẹ́ pe ẹnì kan ní olòṣì, olòsì náà ló máa sọ. Gbogbo wa ní Ìkirè la mọ ẹnu Ìbàdàn, a ti máa ń bá wọn tún un ṣe nínú etí wa kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ìyá Soliat gbọ́ igbe náà lódìkejì títì, wọ́n sì rí ẹ̀yìn Ọ̀gá tó ń kọjá lọ.

Othniel gbọ́ ọ bó ṣe rí gan-an. Ó mọ̀ pé òsì tó dojú kọ ọ̀tún ni. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó yí nọ́ọ̀tì náà sọ́tùn-ún. Ó rọ̀ lábẹ́ sípánà. Ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé ó ti tú, ó sì ní kí ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́. Ó fi gíríìsì kun ún, ó nu ọwọ́, ó ní Ọ̀gá, ó ti ṣetán. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí Ọ̀gá ṣubú. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí òun lórí ìyẹn. Ó kàn fẹ́ kí ọ̀pá àárín yẹn dójú ti ẹni tó ronú kàn án, kí kẹ̀kẹ́ kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n tì í padà wálé.

Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú ló ti ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀tì já, irin eléyín yọ, ṣéènì wé mọ́ táyà ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ sì gbé Ọ̀gá sọ. Ìbàdí wọn yẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn kán síbi méjì. Othniel ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó bá wọn gbé Ọ̀gá sórí ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, ó ń sunkún, ẹkún náà sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà lọ gbé kẹ̀kẹ́, ó rí nọ́ọ̀tì náà nínú koríko. Ó mú un dání dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì jù ú sínú ṣalángá. Ó fi ayùn gé orí ọ̀pá náà kúrò, ó ní ó ti wọ́. Nígbà tó sọ ìyẹn tán nínú pálọ̀, ó pe ara rẹ̀ ní ìkà, ó ní kí Humairah má wo òun bẹ́ẹ̀.

Kò tíì parọ́ mọ́ Ràhmọ̀t nígbà yẹn. Irọ́ ń bọ̀. Ìyá Soliat ló mú ọ̀rọ̀ náà wá síbi tí wọ́n tẹ́ Ọ̀gá sí, wọn ò sì purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ní ọmọbìnrin yìí kígbe òṣì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀, pé àwọn fi etí àwọn gbọ́ ọ. Ẹnu ya gbogbo ilé. Ọ̀gá bá a wí, ó ṣẹ́ èpè tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ṣubú lọ́nà. Ta ló tún ń wá ìdí mìíràn? Wọ́n bi Ràhmọ̀t bóyá ó sọ ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun sọ ọ́, nọ́ọ̀tì ni òun ń bá Othniel sọ. Gbogbo ojú bá yí sí Othniel. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì. Ọ̀gá ló ń bú.” Ọ̀gá yíjú sí ògiri. Wọ́n ní kí Ràhmọ̀t má tún dé ṣọ́ọ̀bù àwọn mọ́. Bí ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ tán ṣe lọ láìsí fíríìdọ̀mù nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ lé e lórí súre fún un, tí ẹgbẹ́ wẹ́dà kankan ò sì ní jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Othniel ní kí wọ́n má tíì bínú tán, torí èyí tó burú jù ló kù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ràhmọ̀t àti ìyá rẹ̀ wá bá a nílé bàbá rẹ̀ ní Àpòmù. Othniel ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, sùtánà funfun wà lọ́rùn rẹ̀, òórùn tùràrí ṣì wà lára rẹ̀. Ràhmọ̀t kúnlẹ̀ fún un lórí iyẹ̀pẹ̀. Kò tọrọ pé kó lọ bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní, “Othniel, mo ti gba kámú lórí iṣẹ́. Sọ ọ́ lójú ìyá mi nìkan, kí ìyá mi ṣáà mọ̀ pé n ò bú àgbà.” Ìyá náà ń wo Othniel lẹ́nu, ojú wọn ti wú fún ẹkún. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kò sí ẹgbẹ́ wẹ́dà níbẹ̀, kò sí Ọ̀gá, kò sí ohun tí yóò pàdánù. Othniel ní, “Ràhmọ̀t, má fi irọ́ kó bá mi.” Ìyá rẹ̀ tú gèlè, wọ́n tún un wé, wọ́n dìde, wọn ò sì dúró de ọmọ wọn kí wọ́n tó máa lọ.

Othniel gba fíríìdọ̀mù tirẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Ọ̀gá fi ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ kọ́ sọ́rùn súre fún un. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àpòmù, ó sì ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì tó ní ọ̀pá àárín, àwọn àgbẹ̀ ń ti Ìkòyí wá rà á, iṣẹ́ Othniel ni wọ́n ń pè é. Ràhmọ̀t ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò jìnnà sí i. Tí Othniel bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń gba òdìkejì.

Othniel sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀gá ní kí Humairah fi fóònù pe Ràhmọ̀t. Ó dé kí wọ́n tó pe ìrun alásàrí, ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá, kò sì wo apá ibi tí Othniel wà. Ọ̀gá ní kí Othniel tún un sọ. Othniel dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì tún un sọ látòkè délẹ̀. Ó ní òun máa sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ wẹ́dà, òun á sì pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan jọ. Òun á sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí ojú tì wọ́n láti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn, torí ìtìjú kékeré yẹn ni òun ò fẹ́ jẹ, ẹ wo ohun tó sọ òun dà.

Ọ̀gá gbìyànjú láti dìde jókòó, Humairah sì gbé ìrọ̀rí tì wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ràhmọ̀t, ẹ foríjì mí.” Ẹ ni wọ́n ń pè é, àgbàlagbà bíi tiwọn, ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ rí. Omi bọ́ lójú Ràhmọ̀t. Ó ní kí Ọ̀gá má pe òun bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló dun òun lọ́wọ́ wọn, pé wọn ò bi òun léèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ni òsì tí òun ń wí. Ọ̀gá ní lóòótọ́ ni, àwọn ò bi í. Wọ́n ní kó súnmọ́ àwọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n sì ṣe àdúrà fíríìdọ̀mù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Humairah ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, Othniel, tó ṣì wà nílẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun.

Ràhmọ̀t nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Mo foríjì ẹ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú sí ẹ, mo sì lọ́mọ tí mò ń tọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá. Lórí ibùsùn ikú, èmi ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí n lọ kúnlẹ̀ fún Ọ̀gá, kí èpè ẹnu mi lè kúrò lọ́rùn mi. Èmi ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹ. Ta ló máa sọ ọ́ fún ìyá mi?”

Ràhmọ̀t kí Ọ̀gá pé ó dàbọ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Othniel sì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí wọn ò fi gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.